Èdè Ṣáínà àti èdè Fiẹtnám, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n àbí wọ́n kàn jọra?

iyeru_okin (Ọ̀fà)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi tó ń ra kajú ni mo wà báyìí, a máa ń kó o jọ láti Ọ̀rọ̀, Àjàṣẹ́, títí lọ dé apá Òmù-Àrán, ká tó wá tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Tí àsìkò ẹ̀ bá ti wọlé báyìí, bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ẹ máa rí àwọn àlejò tó ń wá rà á, gbogbo wọn la máa ń pè ní Ṣáínà, Ṣáínà ti dé o, Ṣáínà ń bọ̀ lọ́la. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn ṣe dá àǹtí mi dúró lọ́dún yìí tó ní òun kì í ṣe Ṣáínà, Fiẹtnám lòun, ojú ẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín rárá.

Ló bá di àríyànjiyàn nídìí òṣùwọ̀n. Bọ̀dá kan ní kí la ń bá a fà, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹni tó bá ti gbọ́ èdè Ṣáínà ti gbọ́ Fiẹtnám, ó ní bí ọmọ Ìbọ̀lọ́ ṣe máa gbọ́ Ọ̀yọ́ ni. Ẹlòmíì ní rárá, wọn ò tan mọ́ra. Mi ò wá mọ èyí tí màá gbà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé wọ́n jọra lóòótọ́, èwo ló máa rọrùn fún àwa tí à ń sọ Yorùbá nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ní àmì ohùn bíi tiwa, tí mo bá sì fẹ́ kọ́ ọ̀kan, èwo ni kí n mú? Fóònù ni màá fi kọ́ ọ lálẹ́, kò sí tíṣà kankan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ná, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ìyẹn nílé.

tisa_tanke (Ìlọrin)

Ẹ bá mi kí bọ̀dá ìdí òṣùwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè Ṣáínà, ẹbí tí wọ́n ń pè ní Sino-Tibetan ló wà, òun àti èdè Tibet àti ti Burma ló jọ jẹ́ ẹbí. Ti Fiẹtnám, ẹbí míì ni, Austroasiatic, òun àti Khmer tí wọ́n ń sọ ní Cambodia ni ìbátan. Tí ẹ bá fẹ́ rí i lójú ara yín, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ka ení èjì. Ará Ṣáínà á ní yī, èr, sān, sì, wǔ. Ará Fiẹtnám á ní một, hai, ba, bốn, năm. Ará Cambodia á ní muoy, pii, bei, buon, pram. Ẹ ò ríran? một àti muoy, ba àti bei, bốn àti buon, Ṣáínà dá dúró tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Àmọ́ mi ò ní bá bọ̀dá yẹn jà jù, torí ohun tó ń gbọ́ létí yẹn, nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Ṣáínà jọba lé apá àríwá Fiẹtnám lórí fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, láti ọdún 111 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn Fiẹtnám á lé wọn, wọ́n á tún padà dé, títí Ngô Quyền, ọ̀gágun Fiẹtnám, fi ṣẹ́gun wọn lójú odò Bạch Đằng ní 938. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán gan-an, ìwé Ṣáínà náà ni ààfin Fiẹtnám ṣì ń lò, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò kí èèyàn tó dépò nínú ìjọba, ìdánwò yẹn ò sì kásẹ̀ nílẹ̀ àfi ní 1919. Ta ni máa ṣe irú ẹ̀ fún irú ìgbà gígùn bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò ní rọ́ wọ èdè ẹ̀? Gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé, ìjọba, òfin, ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ Ṣáínà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ inú èdè náà ni, àwọn míì ní ó ju ìdajì lọ, ó kù sọ́wọ́ bí oníkálùkù ṣe kà á. Ilé ẹ̀kọ́ gíga: dàxué ni Ṣáínà ń pè é, Fiẹtnám ń pè é ní đại học. Akẹ́kọ̀ọ́: xuéshēng, học sinh. Orílẹ̀-èdè: guójiā, quốc gia. Ṣùgbọ́n ẹ kúrò nínú ìwé kẹ́ ẹ wá sínú ilé, omi ni shuǐ fún Ṣáínà, nước ni fún Fiẹtnám. Ọwọ́ ni shǒu, tay ni ti Fiẹtnám. Ojú ni yǎnjing, mắt ni ti Fiẹtnám. Kò jọra rárá.

Ohun kan tó tún ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ọ̀rọ̀ tí Fiẹtnám yá yìí ò dún bíi ti Mandarin òde òní, ìyẹn èdè Ṣáínà gbogbogbòò tí a ń sọ yìí, ó dún bíi ti Cantonese, ẹ̀ka Ṣáínà tí wọ́n ń sọ ní Guangzhou àti Hong Kong. Wo guó yẹn, gwok ni Cantonese, quốc ni Fiẹtnám. Xué, hok ni Cantonese, học ni Fiẹtnám. Ìdí ni pé nígbà tí wọ́n yá èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn, láyé ìjọba Tang, èdè Ṣáínà ṣì ní k, p, t níparí ọ̀rọ̀. Mandarin ti gbé gbogbo ẹ̀ mì, àwọn ará gúúsù àti Fiẹtnám ló tọ́jú ẹ̀.

Ó dáa, ìbéèrè ẹ kejì. Èmi fẹ́ kó o kọ́ Ṣáínà. Mandarin, ohùn mẹ́rin péré ni, àti ọ̀kan tó rọra ń kọjá tí wọn ò kà mọ́ ọn. Gírámà ẹ̀ ò le. Sikọ́láṣíìpù ìjọba Ṣáínà wà fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú, Wuhan ni èmi ti ka másítà tèmi, UNILAG àti Nnamdi Azikiwe ní Awka ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìdánwò HSK sì wà tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé máa rí tí á mọ̀ pé o gbọ́ ọ. Ibi tó ti máa fún ẹ lẹ́rù ni ìwé kíkọ, mi ò ní purọ́, torí àmì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀, kì í ṣe lẹ́tà. Ìwé ìlànà tí ìjọba wọn gbé jáde ní 2013, àmì 8,105 ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀ jẹ́ 3,500. Alẹ́ tí o máa fi kọ́ ọ á pọ̀.

omo_igbomina_sgn

Tíṣà, ẹ kú àlàyé, ó wọlé, ṣùgbọ́n níbi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí yẹn, mi ò bá yín lọ. Kajú ni ọmọ yìí ń tà! Fiẹtnám ni orílẹ̀-èdè tó ń ta kajú tí wọ́n ti pa jù lọ láyé, èyí tí wọ́n ń gbìn nílé ò sì tó wọn, Áfíríkà àti Cambodia ni wọ́n ti ń kó èyí tó kù, tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹni tó dá àǹtí ẹ̀ dúró yẹn á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí ló fẹ́ fi dàxué ṣe?

Mo ti gbé Saigon rí, ìyẹn Ho Chi Minh City, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀, mo sì máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó lọ: ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ọ̀rọ̀ bá Yorùbá mu ju Ṣáínà lọ. Wò ó. Tôi đã ăn, mo ti jẹun. Tôi đang ăn, mo ń jẹun. Tôi sẽ ăn, mo máa jẹun. Ibi tí "ti" àti "ń" àti "máa" ń dúró sí nínú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni đã, đang, sẽ dúró sí, ọ̀rọ̀ ìṣe ò yí padà rárá. Ṣáínà á ní wǒ chī le, le yẹn á lọ dúró sẹ́yìn. Ilé ńlá, nhà lớn, ilé ló ṣáájú, ńlá ló tẹ̀ lé e. Ṣáínà á yí i, dà fángzi, ńlá ló máa kọ́kọ́ dé. Ilé tèmi, nhà của tôi, ó to bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ilé, ti, èmi. Ṣáínà á ní wǒ de fángzi, èmi ti ilé. Tí mo bá ń ronú ní Yorùbá tí mo kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ọjà ń gbọ́ mi.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ fìyà jẹ wá ni kíka nǹkan. O ò lè sọ pé ìwé mẹ́ta kó o lọ bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín tó ń sọ irú nǹkan tó jẹ́. Ba quyển sách ni Fiẹtnám, sān běn shū ni Ṣáínà, quyển àti běn yẹn, ti ìwé ni. Ẹranko ní tiẹ̀, ohun èlò ní tiẹ̀, bébà pẹlẹbẹ ní tiẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí tó yẹ, kó fi gè sí i tó bá jẹ́ Ṣáínà, kó fi cái sí i tó bá jẹ́ Fiẹtnám, wọ́n á rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n wọ́n á gbọ́.

Ìwé kíkà ńkọ́? Lẹ́tà A B D ni Fiẹtnám ń lò, bíi tiwa. Kò tiẹ̀ wá tán síbẹ̀, wọ́n ní ẹ àti e, ọ àti o bíi tiwa náà, àmọ́ òdìkejì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. E tí kò ní nǹkan lórí ni ẹ wa, ê tó dé fìlà ni e wa. O lásán ni ọ wa, ô ni o wa. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà yẹn wá ni ìjàǹbá, torí ohùn lòún jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe fáwẹ̀lì. Ọmọ Yorùbá máa rí một, á rí àmì lábẹ́ ẹ̀, á ní mọ́t. Rárá o. Ô ló wà níbẹ̀, o wa ni, àmì abẹ́ ẹ̀ ń sọ fún ẹ pé kó o já ohùn sílẹ̀ kó o gé e pa lọ́fun.

Ohùn ló le o, mi ò ní tàn ẹ́ jẹ. Mẹ́fà ni lápá àríwá ní Hanoi. Ní gúúsù níbi tí mo wà, méjì tí wọ́n ń pè ní hỏi àti ngã ti dà pọ̀, ó ku márùn-ún. Fún ìdí yẹn nìkan, gúúsù ni kó o kọ́, apá ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ kajú ti pọ̀, ibi tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Bình Phước tẹ́lẹ̀ àti agbègbè ẹ̀.

alfa_agbaji (Ìlọrin)

Àsàlámù àlékúmù. Ọ̀rọ̀ yín dùn ún kà. Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un láti ibi ìwé kíkọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Ẹni tó bá dàgbà nílé kéú ní Ìlọrin ò gbọdọ̀ béèrè bóyá Fiẹtnám ni Ṣáínà. Àlàáfíà, àdúrà, àlùbáríkà, wákàtí, láti inú Lárúbáwá ni gbogbo ẹ̀ ti wá, a ò sì tíì rí ẹni tó pe Yorùbá ní Lárúbáwá. Tẹ́ ẹ bá sì rí àwọn ìwé àtijọ́ tí àwọn alfa wa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, ajami, ẹ máa mọ̀ pé Fiẹtnám náà ṣe irú ẹ̀. Chữ Nôm ni wọ́n ń pe tiwọn. Wọ́n mú àmì Ṣáínà, wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ilé wọn, àmọ́ àmì Ṣáínà ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, ni wọ́n bá ń lẹ méjì pọ̀. Ẹ wo ẹẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní ba: wọ́n mú àmì Ṣáínà kan tó ń dún bíi ba, wọ́n lẹ àmì Ṣáínà tó túmọ̀ sí ẹẹ́ta mọ́ ọn lára, ìyẹn ni pé ọ̀kan ń sọ bí wọ́n ṣe ń pè é, èkejì ń sọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá máa ka Nôm gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwé Ṣáínà dáadáa ná, ìdí nìyẹn tí kò fi dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù.

Lẹ́tà tí wọ́n ń lò lónìí, àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì láti Pọ́túgàl ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Francisco de Pina wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, Alexandre de Rhodes wá tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Fiẹtnám, Pọ́túgàl àti Látìn jáde ní Róòmù ní 1651. Tẹ́ ẹ bá fi wé tiwa, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Àjàyí Crowther jáde ní 1843, ẹ rí i pé tiwọn ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú ìjọ ló há sí fún ìgbà pípẹ́, àyàfi nígbà tí Faransé gba ilẹ̀ wọn ló tó di ti ilé ìwé àti ìjọba. Ṣáínà ní tiwọn ò ju àmì wọn nù, wọ́n dín ìlà ara ẹ̀ kù láti 1956, wọ́n wá mú pinyin tó jẹ́ lẹ́tà A B D jáde ní 1958 kó lè máa ran ọmọdé lọ́wọ́ láti pe ọ̀rọ̀. Pinyin kì í ṣe ìwé wọn o, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni. Ìyẹn ni kí iyeru_okin mọ̀, torí tó bá ń fi pinyin nìkan kọ́ ọ, tó bá wá rí lẹ́tà ìṣòwò látọ̀dọ̀ ará Ṣáínà, kò ní lè ka ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ̀rín díẹ̀ fún àwa ará Ìlọrin. Ẹṣin l'eégún ilé wa, àbí? Mǎ ni ẹṣin lọ́dọ̀ Ṣáínà. Fiẹtnám yá a, ó di mã, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ngựa ni wọ́n ń pè é lójoojúmọ́. Bó o bá wá pa ohùn Ṣáínà yẹn dà, mā, ìyá lo pè, má, igi okùn tí wọ́n ń fi ṣe aṣọ, mà, èébú lo bú u. Ti Fiẹtnám burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ma ni iwin, má ni ìyá lápá gúúsù, mà ni ṣùgbọ́n, mả ni sàréè, mạ ni ọ̀gbìn ìrẹsì tí wọn ò tíì tún gbìn. Bí ohùn méjì yẹn sì ṣe dà pọ̀ ní gúúsù bí omo_igbomina ṣe sọ, sàréè àti ẹṣin ń dún bákan náà ní Saigon.

iyeru_okin

Haaa, ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ti ohùn yìí, ṣé pé a ní ohùn tiwa ò ràn wá lọ́wọ́ rárá ni? Mo gbọ́ fídíò kan lánàá, ohùn wọn ń lọ sókè sódò nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

tisa_tanke

Ó ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí àwọn èèyàn ṣe rò. Tiwa, ìró kan á dúró sókè, tàbí láàárín, tàbí nísàlẹ̀, á dúró síbẹ̀. Tiwọn ń rìn nínú ìró kan ṣoṣo. Ohun tí wọn ò sọ fún wa nílé ìwé ni pé tiwa náà máa ń rìn nígbà míì. Pe àlá. Lá yẹn, kò bẹ̀rẹ̀ lókè, ó gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè torí à tó ṣáájú ẹ̀. Bí ohùn kejì Mandarin ṣe rí nìyẹn. Pe rárà wàyí, èyí tí wọ́n ń sun. Rà yẹn já wá láti òkè, ohùn kẹrin nìyẹn. Àwọn òyìnbó tí a jọ wà ní kíláàsì ń fi ọwọ́ júwe nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó lè pè é, èmi kàn ń ronú àlá àti rárà ni. Ohùn kẹta ló lọ́gbọ́n nínú, ìsàlẹ̀ ni kó o fi sí, má bá wọn fà á sókè níparí àyàfi tó bá dá wà. Tí méjì ẹ̀ bá tẹ̀ léra, ti àkọ́kọ́ á yí di ohùn kejì, nǐ hǎo tí gbogbo ayé ń sọ yẹn, ní hǎo ni wọ́n ń pè é.

omo_igbomina_sgn

Fiẹtnám kì í yí ohùn padà bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wàá ṣe pè é, ìyẹn tún jẹ́ oore kan. Ohùn tí wọ́n ń pè ní ngang sún mọ́ àárín tiwa, huyền sún mọ́ ìsàlẹ̀ tiwa, sắc ń gùn. Nặng, àmì abẹ́ lẹ́tà yẹn, ni o máa jà fún, ti àríwá pàápàá. Ó ń já, ọ̀fun á wá pa dé lójijì bí ẹni pé wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ.

Àti pé kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ fágbà. Ṣáínà, nǐ ni fún gbogbo èèyàn, nín fún àgbà tàbí kọ́sítọ́mà, ó parí. Fiẹtnám ò ní "ìwọ" kan tó bá gbogbo èèyàn lọ. Ọkùnrin tó jù ẹ́ díẹ̀, anh. Obìnrin tó jù ẹ́ díẹ̀, chị. Àbúrò, em. Ẹni tó lè jẹ́ àbúrò bàbá ẹ, chú. Ẹgbẹ́ bàbá àgbà, ông, ìyá àgbà, bà. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni pé ara tìrẹ náà lo máa pè bẹ́ẹ̀, tó o bá ń bá anh sọ̀rọ̀, o ò ní sọ pé "mo", em ni wàá pe ara ẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ọjọ́ orí ẹ kí ọ̀rọ̀ tó gbóná, wọn ò yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹ o, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fi ẹ́ sí ni. Ọmọ Ọ̀fà kan ò ní rí nǹkan àjèjì níbẹ̀.

Orúkọ náà yàtọ̀. Àwọn méjèèjì máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, ṣùgbọ́n Ṣáínà á fi orúkọ ìdílé pè ẹ́, Wáng xiānsheng, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Wáng, tàbí Wáng lǎobǎn, ọ̀gá Wáng. Fiẹtnám, orúkọ tó gbẹ̀yìn ni, ẹni tó ń jẹ́ Nguyễn Văn Nam, anh Nam ni wàá pè é, bíi Bọ̀dá Ṣẹ́gun. Tó o bá pariwo Nguyễn láàárín ọjà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa yíjú.

iya_onikaju (Òmù-Àrán)

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo ti ń ka tiyín láti àárọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń bá wọn ṣe kajú láti ìgbà tí iyeru_okin ṣì wà nílé ìwé, mi ò gbọ́ Ṣáínà mi ò gbọ́ Fiẹtnám. Kalikulétọ̀ la fi ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo máa sọ ibi tó ti dùn mí.

Oníbàárà á jókòó, á bu kajú kílò kan nínú àpò, á kà á ní ẹyọ ẹyọ. Lẹ́yìn náà á mú ọ̀bẹ ẹ̀ kékeré, á gé e sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò ó sórí tíréè, èyí tó funfun lọ́tọ̀, èyí tó ti dúdú lọ́tọ̀, èyí tó ti rún lọ́tọ̀. Á wọn èyí tó dáa, òun ló máa fi mọ outturn ẹ̀, pọ́n-ùn mélòó ló máa jáde nínú àpò ọgọ́rin kílò. Gbogbo àkókò tó ń gé e yẹn, òun àti ẹnìkejì ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, èmi jókòó níbẹ̀ bí ère. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń yìn ín àbí wọ́n ń dìtẹ̀ owó mi. Èyí tí mo fẹ́ kí ọmọ yìí kọ́ nìyẹn, kó lè gbọ́ wọn. Sísọ ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Owó náà ńkọ́? Ọ̀kan tó jẹ́ Ṣáínà wá lọ́dún kan pẹ̀lú ọmọ tó ń túmọ̀ fún un, ọ̀gá sọ iye kan, ọmọ yẹn túmọ̀ ẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, inú bí mi, mo fẹ́ dìde. Ọ̀gá wá fi tẹ kalikulétọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló ní lọ́kàn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ka owó wọn yàtọ̀ ni àbí ọmọ yẹn ló sùn?

tisa_tanke

Ìyá, ó yàtọ̀ o, kò sùn. Ṣáínà kì í ka ẹgbẹ̀rún lọ sókè bíi ti òyìnbó. Tí wọ́n bá ti dé ẹgbàárùn-ún, wọ́n ní orúkọ kan fún un, wàn, òun ni wọ́n á máa kà lọ láti ibẹ̀. Ọ̀gá ní shí wàn, ìyẹn wàn mẹ́wàá, ọmọ yẹn gbọ́ mẹ́wàá, ó wá fi wàn pe ẹgbẹ̀rún. Mílíọ̀nù kan, yì bǎi wàn ni wọ́n ń pè é, wàn ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kó yé ẹ̀yin ju àwa lọ, ṣebí àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni àwọn bàbá wa ń pe mílíọ̀nù, ọ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń kà. Ẹni tó bá ń bá Ṣáínà ṣòwò, kó máa fetí sí wàn.

omo_igbomina_sgn

Fiẹtnám ò ní wàhálà yẹn, ngàn ni ẹgbẹ̀rún lápá gúúsù, nghìn ni lápá àríwá, một trăm ngàn ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, một triệu ni mílíọ̀nù. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni márùn-ún. Năm ni tó bá dá wà, tó bá wà lẹ́yìn ẹẹ́wàá ó di lăm, mười lăm ni ẹẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

iyeru_okin, tó o bá máa wá fídíò, kọ giọng miền Nam síbẹ̀, ohùn ará gúúsù nìyẹn, torí ohùn Hanoi ló pọ̀ jù nínú àwọn áàpù, o máa kọ́ ọ tán kó o tó mọ̀ pé ará Saigon ń pe v àti d bíi y. Kajú ni hạt điều. Tíṣà, kí ni Ṣáínà ń pè é?

tisa_tanke

Yāoguǒ. Mo ṣì dúró lórí HSK mi o.

iyeru_okin

Ẹ má bínú tíṣà, Fiẹtnám ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ti Ṣáínà, màá kọ́ wàn yẹn àti ení èjì wọn kí wọ́n má bàa rẹ́ wa jẹ. Ìyá Òmù-Àrán, kí lẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́?

iya_onikaju (Òmù-Àrán)

"Gé e wò", kí n lè máa sọ ọ́ kí àwọn tó sọ ọ́. Àti "owó dà".

omo_igbomina_sgn

Ìyá, méjèèjì tò bíi tiwa gẹ́lẹ́. Cắt ra xem, gé e síta wò. Tiền đâu, tiền ni owó, đâu ni dà. Ẹ já tiền sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí đâu dúró láàárín.

tisa_tanke

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà ni tiền yẹn o, qián ni.

iya_onikaju (Òmù-Àrán)

Ẹni tó bá wù kó ni ín, kó ṣáà ti san án.